Ta Ló Gbìn Ín? Àkọsílẹ̀ Ìjà Oko Kòkó Kan Nínú Igbó Oǹdó

Fóònù ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Igi gẹdú méjì ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ẹbí náà di aláìlóko. Mo wà lára àwa mẹ́ta tí wọ́n ní ká bá wọn parí rẹ̀, a sì ṣe àṣìṣe tó pọ̀ ká tó rí ọ̀nà. Àwọn tí mo ń kọ ọ́ fún ni àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí à ń ṣe: àwọn tó ń làjà láàárín àgbẹ̀, agbẹjọ́rò tó ń gba ẹjọ́ ilẹ̀ oko, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya ààlà oko kiri inú igbó láyé ìsinsìnyí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ abà náà. Ẹni tó bá dá wọn mọ̀, kó jọ̀ọ́ fi sínú.

Abà náà wà níhà gúúsù Oǹdó, nínú igbó tó lọ sápá Odò Olúwa. Tí a bá kúrò lórí títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kadà á rìn tó wákàtí kan àbọ̀ kó tó débẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀kadà ló ń gun èèyàn: ibi tí ẹrẹ̀ bá ti mu táyà dé ìdajì, ọlọ́kadà á ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ tì í. Ilé tó wà níbẹ̀ kò tó ọgbọ̀n. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfi lórí àpáta kan lẹ́yìn abà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pe ọmọ wọn lálẹ́, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo àṣírí ti ń tú, torí kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí àpáta yẹn kí wọ́n gbọ́ ọ ní Èkó.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú dé lè wo yíká kó ní kò sí dúkìá kankan níbẹ̀. Ilé alámọ̀, páànù tó ti dípẹtà, ìkòkò omi, ewúrẹ́ tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dúkìá wà níbẹ̀ o. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló kàn dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń kó kúrò lábà fi máa ń ṣí páànù rẹ̀, á yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, á kó wọn lọ, á wá fi ògiri sílẹ̀ fún òjò. Ògiri jẹ́ ti ilẹ̀, páànù jẹ́ ti ẹni tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó rí: ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Àmọ́ kòkó kò ṣeé ṣí gbé.

Bàbá tó dá oko yìí kì í ṣe ọmọ Oǹdó. Apá Ìkirè ni wọ́n ti wá ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Nígbà yẹn, kòkó apá Ìbàdàn ti darúgbó. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní agbègbè Ìbàdàn ní 1944, ti jẹ́ kí wọ́n gé oko ọ̀pọ̀ èèyàn lulẹ̀. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni. Ẹni tó bá lágbára wá ẹgàn lọ. Ẹbí onílẹ̀ kan ní Oǹdó ló fún bàbá ní ẹgàn. Wọ́n gbé ọtí àti obì lọ, àwọn onílẹ̀ mú wọn rìn yí ààlà ká, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìṣákọ́lẹ̀: kílò kòkó tí wọ́n dá lé wọn lọ́dọọdún, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tí ọdún bá ń parí lọ. Kòkó jẹ́ ti bàbá. Igi gẹdú àti ọ̀pẹ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé jẹ́ ti onílẹ̀. Bàbá kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ mú àlejò mìíràn wọlé láìwí. Kò sí ìwé kankan. Ohun àkọ́kọ́ tí àwa náà wádìí ni bóyá oko náà bọ́ sínú igbó ọba, nítorí tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ni igbó, gbogbo ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ á yí padà bìrí. Kò bọ́ síbẹ̀, àmọ́ kò jìnnà síbẹ̀.

Ìyàwó méjì ni bàbá ní. Ìyálé ń ṣòwò ní Ìkirè, ó bímọ márùn-ún, kì í gbé lábà. Ìyàwó kejì ló gbé lábà, ó bí ọmọbìnrin méjì. Mo máa pe ìyá yìí ní Ìyá Àkùrọ̀, torí igun kan létí odò, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń rin gbingbin, ni bàbá yọ̀ǹda fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 pé kí wọ́n máa gbin ewébẹ̀ àti kókò sí. Kòkó kò fẹ́ràn omi tó dá dúró nídìí rẹ̀, gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀. Ìyá la ojú omi, wọ́n gbẹ́ kòtò kí omi lè máa ṣàn lọ, wọ́n gba irúgbìn tuntun lọ́wọ́ àwọn agric, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀, wọ́n gbìn ín sí apá ibi tó ga, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó. Ọdún kẹrin, ó so.

Bàbá kú ní 2019. Wọ́n sin wọ́n sí Ìkirè, àwọn ọmọ ìyálé padà sí Èkó àti Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó bèèrè oko. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ogún tó bá àdá àti gọ̀ǹgọ̀ rìn, ta ló ń sáré sí i? Ìyá Àkùrọ̀ ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta kòkó. Lọ́dọọdún wọ́n á fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkọ́bí ọkùnrin ìyálé, Dáódù ilé, láìsí ìṣirò kankan. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ìjà dé, owó yẹn di ẹ̀rí lòdì sí wọn: Dáódù ní ìyẹn fi hàn pé òun ni ìyá ń jíhìn oko fún.

Lẹ́yìn náà ni 2024 dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 2,500 dọ́là. Òjò àti àrùn ba ti Gánà àti Côte d'Ivoire jẹ́, owó kòkó sì gbéra: ó kọjá 10,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ kí oṣù Kẹrin ọdún náà tó parí, ó sì kọjá 12,000 lóṣù Kejìlá. Àwọn ọmọ tó ti gbàgbé ọ̀nà abà rántí rẹ̀. Kì í ṣe abà yìí nìkan o. Ọlọ́kadà tó gbé wa ní láti ìgbà tóun ti ń rin ọ̀nà yẹn, òun kò gbé bàtà aláwọ̀ tó pọ̀ tó báyìí rí.

Àkókò kan náà ni àwọn tó ń ya ààlà oko bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé ibi tó ti hù kì í ṣe igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ya gbogbo ààlà rẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo lórí máàpù ti tó. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó kò dúró dè é. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ wọ igbó pẹ̀lú fóònù.

Ọjọ́ ọjà ni ọ̀kan lára wọn, ọmọkùnrin kan, dé abà náà. Ìyá Àkùrọ̀ ti lọ sọ́jà. Dáódù, tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan, ló mú un rìn. Wọ́n yí oko bàbá ká, wọ́n sì yí àkùrọ̀ mọ́ ọn. Éékà mẹ́sàn-án ti bàbá àti méjì ti ìyá di oko kan ṣoṣo, ó sún mọ́ hẹ́kítà mẹ́rin àbọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló sì wọ inú fóònù. Mi ò rò pé ọmọ yẹn ní ohun burúkú lọ́kàn. Ìwé rẹ̀ bèèrè orúkọ àgbẹ̀, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ sì dá a lóhùn. Ibi tí kòkó ti hù ni òfin Yúróòpù ń bèèrè, kò bèèrè ẹni tó ni ín. Àmọ́ lábà, orúkọ tó bá ti wọ inú ìwé aláṣọ funfun, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n kà á sí.

Ìyá kò mọ̀ títí di oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n gbé àpò méjì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn. Ó wọn kòkó tán, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní owó oko yìí, Dáódù ni kóun san án fún.

Ẹ fojú inú wò ó. Nígbà tí ìyá dé inú ilé bàbá, Dáódù ti ń ta gẹ̀gẹ̀ rìn, nítorí náà "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè é láti ìgbà yẹn títí dòní, àní nínú ìjà pàápàá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí àpáta, níbi tí gbogbo abà ti ń gbọ́, Dáódù ní, "Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ opó kì í jogún ọkọ." Ìyá ní, "Ọkọ mi, mi ò bá ẹ du ogún. Oko mi ni mò ń bèèrè."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà, a ò sì gbọ́ ọ dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Dáódù kò purọ́. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ilé ẹjọ́ sì sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó ka ohun tí ìyá gbìn mọ́ ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ó tún ní àwọn ọmọ ìyá, tí wọ́n jẹ́ obìnrin, kò lè jogún oko. Ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe àṣà Yorùbá; níbòmíràn ló ti lọ gbọ́ ọ.

Ọmọ ìyá tó dàgbà jù ló wá bá wa. Ìpàdé àkọ́kọ́, a pè é sí ọ́fíìsì wa ní ìgboro Oǹdó. Àṣìṣe gidi nìyẹn. Ó rọrùn fún àwa, ó rọrùn fún Dáódù àtàwọn àbúrò rẹ̀ tó wọ mọ́tò wá. Baálẹ̀ abà kò lè wá, bàbá Ẹ̀bìrà tó ti bá olóògbé ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ kò lè wá. Ìyá Àkùrọ̀ dé pẹ̀lú ìró tuntun, wọ́n jókòó sétí àga bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. A bi wọ́n pé báwo ni oko wọn ṣe tóbi tó. Wọ́n ní, "Láti ìdí ọ̀pẹ tó wọ́, dé ibi tí omi ti yà." Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá kò mọ ìwọ̀n oko wọn. Ó ṣì wà nínú fáìlì náà lónìí.

Ọjọ́ yẹn la dábàá pé kí wọ́n máa fún ìyá ní àpò kòkó kan lọ́dọọdún fún oúnjẹ. Àwọn ọmọ ìyálé ní ó dáa. Ìyá wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ fi oko mi ṣe mí lálejò." Wọ́n dìde. Ìpàdé tú.

Ohun kan ṣoṣo tí a rí ṣe níbẹ̀ tó wúlò dá lórí lẹ́tà agbẹjọ́rò tí Dáódù mú wá. Lẹ́tà náà ní Abala 36 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti sọ olóògbé di ẹni tó ni ilẹ̀ náà, torí náà kò sí onílẹ̀ kankan mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ló gba èyí gbọ́. Lóòótọ́, abala yẹn jẹ́ kí ẹni tó ti ń dáko ní ìgbèríko ṣáájú òfin náà máa lo ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní 1991 pé òfin náà kò sọ ẹni tó gba ilẹ̀ dáko di onílẹ̀, kò sì fagi lé ìṣákọ́lẹ̀. Ewu tó wà nínú lẹ́tà yẹn ju kó kàn kùnà lọ. Kí ẹni tó gba ilẹ̀ sọ fún onílẹ̀ pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí onílẹ̀ lè torí rẹ̀ gba oko rẹ̀ padà lábẹ́ àṣà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò tíì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí onílẹ̀. A bẹ Dáódù, ó kó o sápò. A rò pé a ti bọ́ nínú ewu.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Dáódù ta igi arère méjì tó wà nínú oko bàbá fún agégẹdú. Owó ló nílò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé owó ilé-ìwé ọmọ ni, mo sì gbà á gbọ́. Arère ga fíofío. Nígbà tí ọ̀kan ṣubú, ó tẹ kòkó tó lé ní ogún mọ́lẹ̀, ó sì dá ihò ńlá sí òkè tí oòrùn ń gbà wọlé báyìí. Ariwo ẹ́ńjìnnì agégẹdú dé abà kejì, ó sì dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n dé láàárọ̀ kejì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà oko ni, wọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí màrìwò ń sọ kì í kọjá rẹ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí kòkó ti pọ́n lórí igi, tí òjò àrọ̀kẹ́yìn ṣì ń rọ̀. Lójú òjò bẹ́ẹ̀, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú kì í dúró: àmì bíńtín kan á yọ lára èso, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo rẹ̀ á dúdú, á gbẹ sórí igi bí ẹyin òkú. Dáódù àti ìyá jọ dúró níwájú màrìwò, wọ́n ń wo owó wọn tó ń jẹrà. Ọjọ́ náà ni ìjà wọn yí padà. Kì í ṣe ta ló ni kòkó ni ìbéèrè mọ́. Ìbéèrè ni bóyá kòkó ṣì kù fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹta la dé abà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. A gba ìyọ̀ǹda onílẹ̀ pé ká kàn wo oko, ká má fọwọ́ kan nǹkan. Baálẹ̀ ṣáájú, bàbá Ẹ̀bìrà tẹ̀lé e.

Wákàtí méjì tí a fi rìn yẹn kọ́ mi ju gbogbo ìpàdé lọ. Nínú oko bàbá, kòkó àtijọ́ ni, irúgbìn tí wọ́n dì láti Ìkirè: èso rẹ̀ rí bíi bàrà, ara rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ kò yọ ṣóńṣó. Igi kan wà níhìn-ín, òmíràn wà lọ́hùn-ún, bí ẹgàn ṣe gbà wọ́n láyè. Lójijì a kan ìlà pẹ̀rẹ́gún. Ní òdì kejì, kòkó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà: èso rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, poro wà lára rẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n kọ ebè sí. Ó tò lọ gbọnrangandan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá síra wọn, bí àwọn agric ṣe ń kọ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú á mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló gbin oko yìí. Bàbá Ẹ̀bìrà fọwọ́ kan pẹ̀rẹ́gún kan, wọ́n ní àwọn ni àwọn di ọ̀pá rẹ̀ mú nígbà tí olóògbé ń kì í mọ́lẹ̀. "Ta ló ń fi pẹ̀rẹ́gún pààlà sínú yàrá ara rẹ̀?"

Mo wo òkè. Ọ̀pẹ kan wà lápá òsì, ìdí rẹ̀ wọ́ bí igbá ọkà. Mo rìn láti ibẹ̀ dé òpin ìlà kòkó. Omi pín sí méjì níbẹ̀. Fóònù mi ní éékà méjì ó dín díẹ̀. Ìyá ti sọ fún wa gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, nínú ọ́fíìsì wa.

Síbẹ̀, igi kò lè lọ jẹ́rìí ní ìgboro. A bèèrè ìwé. Ìyá gbé ìwé eléwé kan jáde láti abẹ́ àpótí, èyí tí ẹni tó ń ra kòkó máa ń kọ kílò wọn sí. Ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù, kílò ló wà níbẹ̀, kò sọ oko tó ti wá.

A mú Dáódù, ìyá àti baálẹ̀ lọ bẹ onílẹ̀. Dáódù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Olórí ẹbí onílẹ̀, bàbá arúgbó tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, kò ní kó dìde. Wọ́n ní kí akọ̀wé wọn mú ìwé wá kí wọ́n lè mọ gbèsè tó wà nílẹ̀. Ìwé fífẹ̀ kan ni, eléèpo líle. Akọ̀wé rí orúkọ olóògbé: ìṣákọ́lẹ̀ ìkẹyìn, 2018. Láti 2019, òfìfo. Ó ń ka gbèsè ọ̀hún lọ, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ìlà méjì nísàlẹ̀. Ó dúró. Ó kà á sókè: ìyàwó olóògbé, Àkùrọ̀. Kílò kòkó díẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo, ọdún dé ọdún, láti ìgbà tí bàbá ṣì wà láyé títí di 2023. Kò fo ẹyọ kan.

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo yíjú sí Ìyá Àkùrọ̀. Wọ́n ń ká etí ìró wọn. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Wọ́n ní, "Ẹ ò bi mí."

Bàbá fúnra wọn ló sọ fún ìyá nígbà tí kòkó àkùrọ̀ kọ́kọ́ so pé ẹni tó bá gbìn ni kó san ìṣákọ́lẹ̀. Ọlọ́kadà ni ìyá máa ń fi rán. Owó tí ìyá fi ń ránṣẹ́ sí Dáódù di ẹ̀rí lòdì sí wọn, èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí onílẹ̀ ló gbà wọ́n. Fún onílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: àlejò méjì ni àwọn ní nínú igbó yẹn, ọ̀kan jẹ gbèsè ó sì ta igi àwọn, èkejì kò ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí màrìwò kúrò lọ́nà àkùrọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ti oko bàbá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i: owó igi méjì padà sọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n dín gbèsè ọdún mẹ́fà kù, wọ́n sì gba ọtí àti ewúrẹ́ kan. Ó ṣeé ṣe kí ilé ẹjọ́ náà gbà kó san owó ìtanràn dípò kó pàdánù oko, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹjọ́ á gba ọdún, èso orí igi kò sì ní ọdún. Nígbà tí wọ́n fi wọlé padà, ìdajì kòkó oko bàbá ti dúdú.

Ó wá ku pínpín. Éékà mẹ́sàn-án ti bàbá jẹ́ ogún tòótọ́, ọmọ méje sì ló ní in. Àwọn ọmọ ìyálé fẹ́ orí-ò-jorí, ìpín méje. Àwọn ọmọ Ìyá Àkùrọ̀ fẹ́ ìdí-igi, ìpín méjì fún ìyàwó méjì. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu (kì í ṣe Dáódù tiwa o), tó parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà wa gan-an. Olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí pínpín. Tí a bá ka èyí fún wọn, ìjà tuntun la dá sílẹ̀. Ìbéèrè tó wúlò ju ìyẹn lọ ni ọ̀kan lára àwọn àbúrò Dáódù bi: "Nínú àwa méjèèje, ta ló máa gbé lábà?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n gbà pé kí oko má pín fún ọdún mẹ́ta. Kí ìdá mẹ́ta òṣìṣẹ́ àti ìṣákọ́lẹ̀ kọ́kọ́ kúrò, kí ìyókù wá pín sí méjì ní ìdí-igi. Ọ̀kan nínú wọn kò fọwọ́ sí i, kò sì tíì fọwọ́ sí i títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tó fi máa di ìparí 2025, owó kòkó lọ́jà àgbáyé ti já sí nǹkan bí ìdajì. Dáódù wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún yẹn.

Iṣẹ́ wa ti yí padà látìgbà náà. A kì í pe ìpàdé ní ìgboro kí ẹsẹ̀ wa tó tẹ oko. A kì í béèrè "ta ló ni ín" mọ́, torí gbogbo èèyàn ló ní ìdáhùn sí ìyẹn. Ohun tí à ń béèrè ni ta ló gbìn ín, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín, ta ló sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Kí a tó gbọ́ ẹnu ẹbí, a ti máa ń lọ wo ìwé onílẹ̀, torí onílẹ̀ kì í gbàgbé ẹni tó san owó. Tí ìyá àgbà bá sì pààlà oko fún wa láti ìdí igi kan dé ojú omi kan, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, a kì í rẹ́rìn-ín.

Títún máàpù ṣe ló le jù. Ẹni tó ń ra kòkó ní kọ̀ǹpútà àwọn kò lè pín oko kan sí méjì. Àfi kí wọ́n pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí wọ́n tún un rìn látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan náà ló padà wá, ìyá ló mú un rìn lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ. Orúkọ wọn ti wà nínú rẹ̀ báyìí, lọ́tọ̀. Ìwé náà tún bèèrè nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ owó. Ìyá kò ní fóònù. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ti ọkọ àwọn, torí òun ló máa ń gbé e nígbà tí àwọn bá pè é láti orí àpáta. Mo ní, "Màmá, ti Dáódù?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ wọn obìnrin wò mí. Ọmọkùnrin náà dúró, ó na ìka sójú fóònù, ó ń retí nọ́ńbà.